Ibi Kan Ni Òtútù Ti Ń Wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, sà. Ó ti pé ọdún 19 tí mo ti fi ayé mi fún Jésù, mi ò sì kúrò nínú ìjọ rí. Mò ń kọrin, mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo tún wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń tọ́jú àlejò. Ara mi le, mò ń sùn dáadáa, iṣẹ́ mi ń lọ déédéé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo lè nàka sí. Ṣùgbọ́n àdúrà mi kì í ju ìṣẹ́jú 3 lọ mọ́, mo sì lè ka orí Bíbélì kan tán kí n má rántí ohun tí mo kà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kò dùn mí. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi, tó ti pẹ́, tí mo sì ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ayé mi ò ní wàhálà kan. Ṣé kí n yí ìjọ padà ni? Ṣé ààwẹ̀ ni kí n gbà? Àbí kí n fi àwọn ọmọdé sílẹ̀ ná títí iná mi á fi tún jó, kí n má bàa máa ṣe àgàbàgebè?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa sọ fún yín pé níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti lè béèrè irú èyí, iná ò tíì kú nínú yín, kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń béèrè ìbéèrè yìí lọ́dọọdún. Wọ́n á sunkún sí i ní ìpàdé ìsọjí, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn eruku orúnkún wọn dànù, wọ́n á sì padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Èèyàn lè mọ̀ pé òun ti tutù, kí ìmọ̀ yẹn náà sì wá di ìrọ̀rí tó ń gbé orí lé.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ yọ ohun kan kúrò lọ́nà. Kì í ṣe gbogbo òtútù ni ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tí Èlíjà sá fún Jésíbẹ́lì, tó lọ jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, tó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun, Ọlọ́run ò wàásù fún un. Áńgẹ́lì kan fọwọ́ kàn án, ó ní, dìde, jẹun. Ó jẹun, ó tún sùn. Áńgẹ́lì yẹn tún jí i, ó tún ní kó jẹun. Ó wà nínú Ìwé Ọba Kìíní, orí 19, ẹ lọ kà á. Ẹni tí kò rí oorun sùn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé kì í ṣe àdúrà nìkan ni kò dùn mọ́ ọn, tó jẹ́ pé oúnjẹ, ẹ̀rín, ọmọ, iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ti sú u, irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò ìsinmi, ó nílò dókítà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn ẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Ẹ̀yin ti sọ pé ara yín le, ẹ sì ń sùn. Mo gbà yín gbọ́, nítorí náà tiyín yàtọ̀.

Ibi tí gbogbo wa máa ń sá lọ tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí ni lẹ́tà tí Jésù kọ sí ìjọ Laodíkéà, Ìfihàn orí 3. Ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bani: 'Ìwọ kò gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ kò tutù.' Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé Jésù ń sọ pé ó sàn kéèyàn kúkú jẹ́ aláìgbàgbọ́ paraku ju kó jẹ́ Kristẹni aláàbọ̀ lọ. Kò dá mi lójú rárá. Ẹ wo ibi tí ìlú náà wà. Àfonífojì kan ni, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí i ni Hierapólì wà, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde látinú ilẹ̀. Omi náà ṣì ń ṣàn títí dòní, Pamukkale ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn tí ara ń ro máa ń lọ wẹ̀ níbẹ̀. Lápá kejì ni Kólósè wà, omi orí òkè tó tutù nini ni tiwọn. Laodíkéà tó wà láàrin wọn ò ní omi tó tó o mu. Ọ̀pá òkúta ni wọ́n fi fa omi wọ ìlú láti òkèèrè, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti rí àwọn ọ̀pá náà. Ìdọ̀tí funfun bí ẹfun, èyí tí omi yẹn ń fà wá, ti lẹ̀ mọ́ inú wọn ní ìpele ìpele, títí ihò wọn fi fún.

Omi gbígbóná ń wo ara tó ń ro. Omi tútù ń pa òùngbẹ. Èyí tí kò sí níbì kan nínú méjèèjì, èébì ló ń fà. Bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì ti ń kà á nìyẹn, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi náà wà. Gbólóhùn tí lẹ́tà yẹn fi bẹ̀rẹ̀ náà ń gbè é lẹ́yìn: 'Èmi mọ iṣẹ́ rẹ.' Kò ní òun mọ bó ṣe ń ṣe ọ́ lára. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń ti ọwọ́ bọ àyà yín láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, ohun tí Olúwa ò béèrè lẹ̀ ń wọ̀n.

Ohun tó sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀ wà ní ẹsẹ 17: 'Èmi kò ṣe aláìní ohunkóhun.' Ìlú olówó ni Laodíkéà, ìlú aṣọ irun àgùntàn dúdú, ìlú oògùn ojú. Ní ọdún 60 lẹ́yìn ìbí Olúwa, ilẹ̀ mì, ó wó ìlú náà. Òpìtàn ará Róòmù kan, Tacitus, kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ara wọn ni wọ́n fi tún un kọ́, wọn ò tọrọ lọ́wọ́ Róòmù. Ohun ìwúrí ni fún ìlú. Ṣùgbọ́n ìjọ gbé ìwà ìlú náà wọ ilé Ọlọ́run, wọ́n sì wá di ìjọ tí Jésù dúró síta, tó ń kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ 20 yẹn, tí a máa ń kà fún àwọn tí kò tíì gbàgbọ́, ìjọ ló kọ ọ́ sí. Ẹni tí kò nílò nǹkan kan kì í gbọ́ ìkànkùn, ó máa ń rò pé ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kàn.

Àní ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí Sefanáyà lò: Olúwa á fi fìtílà wá Jerúsálẹ́mù kiri, á sì bẹ àwọn tó silẹ̀ sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn wò. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Wáìnì tí wọ́n gbé sójú kan tí ẹnikẹ́ni ò dà láti inú ìkòkò kan sínú òmíràn ló ń silẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn wo lèèyàn náà? Wọn kì í ṣe apànìyàn. Àwọn tó ń sọ lọ́kàn wọn ni, pé, Olúwa kò ní ṣe rere, kò sì ní ṣe búburú. Wọn ò sọ ọ́ síta. Ẹnu ń kọrin, ọkàn ò retí ohun kan. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ayé yín ò ní wàhálà kan. Mo bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti silẹ̀.

Èyí tí mo sọ yìí, àlàyé ni. Ibi tí mo fẹ́ lọ nìyí: òtútù kì í wọ gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi kan ló ti ń wọlé. Ẹ lè da aṣọ bora, kẹ́ ẹ pa ilẹ̀kùn iwájú, kẹ́ ẹ dáná sínú yàrá. Bí fèrèsé kan bá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé á ti tún tutù. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tí ìfẹ́ Ọlọ́run kàn ṣàdédé tán nínú rẹ̀. Tá a bá tọpa rẹ̀ sẹ́yìn, a máa ń dé ọjọ́ kan, nígbà míì a tún máa ń dé wákàtí kan, tí Ọlọ́run sọ nǹkan kan pàtó, tí onítọ̀hún sì dáhùn pé, 'Ó di ọjọ́ míì.' Kò kọ̀. Kò ṣọ̀tẹ̀. Ó kàn sún un síwájú, ó sì ń bá gbogbo nǹkan yòókù lọ.

Mo lè sọ tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan jọ ń bójú tó owó àpéjọ kan. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé wò, owó ò pé. Àṣìṣe tèmi ni. Nígbà tí mò ń da àkọsílẹ̀ kọ, mo ti kọ nọ́ńbà méjì sípò ara wọn. Ojú mi lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, níbi ìpàdé náà, ṣùgbọ́n alága ti kọjú sí ẹnì kejì mi, ó ń bi í léèrè, mo sì panu mọ́. Mi ò parọ́. Mo kàn dákẹ́ ni. Wọ́n gba ìwé owó lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà.

Fún bí ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, mo wàásù, mo gbààwẹ̀, mo lọ sí ìpàgọ́ àdúrà lẹ́ẹ̀mẹta. Tí mo bá dé, màá gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, màá tún rọlẹ̀. Ohun tí mi ò tètè fura sí ni pé àdúrà mi ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, mo ní ìwé kékeré kan tí mo kọ orúkọ àwọn èèyàn sí, mo sì máa ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ láràárọ̀. Orúkọ ọkùnrin yẹn wà ní ìlà kẹrin. Nígbà tí ìka mi ò lè kọjá ìlà kẹrin mọ́, mo pa ìwé náà dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà gbogboogbò: Olúwa, bù kún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ, ṣàánú fún ayé, àmín. Àdúrà tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni kì í gùn. Ìṣẹ́jú 3 tẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà yín, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo gbé ibẹ̀ rí.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo pè é. Mo ní, 'Ọ̀rọ̀ owó ọjọ́sí, èmi ni mo ṣì í kọ, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ náà.' Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìpè ti já. Ó wá ní, 'Mo mọ̀. Mo rí ojú ẹ lọ́jọ́ yẹn.' Lẹ́yìn náà ni mo pe alága, èyí tó le jù. Iná ọ̀run kankan ò sọ̀ kalẹ̀ lálẹ́ yẹn o, ìtìjú ni mo gbé sùn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, mo ṣí ìwé kékeré yẹn, mo sì kọjá ìlà kẹrin.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí lẹ́tà yín. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ: 'Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò mi, tó ti pẹ́, tí mo sì ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.' Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ àbúrò yín ló jẹ̀bi pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láyè kí n bi yín: nígbà tẹ́ ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ṣé ẹ gbé e fún un kó lè bá yín ṣe é ni, àbí ẹ gbé e síbi tí ojú yín ò ti ní tó o mọ́? Àwa onígbàgbọ́ ní èdè tó mọ́ tá a fi ń ti ilẹ̀kùn. 'Mo ti fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́', 'mò ń retí àkókò Olúwa', 'mo ti dárí jì í nínú ọkàn mi'. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè jẹ́ òtítọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́.

Ní Mátíù orí 5, Jésù ní bí o bá ń mú ẹ̀bùn rẹ wá síbi pẹpẹ, tó o sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan nínú sí ọ, fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Ẹ kíyè sí i pé kò béèrè ta ló jẹ̀bi. Kò tún béèrè ta ni ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n, mo sì mọ bó ṣe ń rí lára. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un: tó bá jẹ́ pé ẹni náà ń lu yín ni, tàbí ó ń ṣe yín ní ibi tó léwu, kò pọn dandan kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́ ní Róòmù 12 pé bí ó ti wà ní ipá yín, kẹ́ ẹ máa wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo èèyàn. Àmọ́ lẹ́tà yín ò dà bí ẹni tó ń sá fún ewu.

Bóyá ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí yìí kéré jù láti jẹ́ ìdí òtútù ọkàn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Herrnhut, ní Jámánì. Láti ọdún 1722 ni àwọn tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí nítorí ìgbàgbọ́ wọn ti ń sá wá sórí ilẹ̀ ọlọ́lá kan, Zinzendorf. Àwọn tó fi ilé àti ọ̀nà sílẹ̀ nítorí Kristi nìwọ̀nyí o, síbẹ̀ kò ju ọdún márùn-ún lọ tí wọ́n fi di ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀kọ́ àti ìsìn. Zinzendorf ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1727, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn bí wọn yóò ṣe máa gbé pọ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, níbi oúnjẹ alẹ́ Olúwa, kí ìsọjí tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ títí dòní tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ní òpin oṣù náà, ọkùnrin 24 àti obìnrin 24 pín wákàtí ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti máa gbàdúrà láìdáwọ́dúró, ẹ̀wọ̀n àdúrà náà sì lé ní 100 ọdún kó tó já. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ 100 ọdún yẹn. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta tó ṣáájú, ìgbà tí wọ́n ń bẹ ara wọn láti ilé dé ilé, wọn ò pọ̀.

Àwọn èèyàn yìí kan náà ló ń kọrin nínú ìjì lójú òkun ní ọdún 1736, nígbà tí John Wesley, ẹni tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ti di àlùfáà láti ọdún 1728, ń gbọ̀n nínú ọkọ̀ kan náà pé òun fẹ́ kú. Ẹ ti gbọ́ nípa ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1738, nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbóná ní ìpàdé kan ní London, nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ku bí ìṣẹ́jú 15. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé kò wù ú láti lọ sí ìpàdé yẹn. Wọn kì í sì sọ pé nígbà tó fi máa di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1739, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe Kristẹni. Bí ìmọ̀lára ṣe ń ṣe nìyẹn. Ohun tó yí ayé rẹ̀ padà títí ọjọ́ alẹ́ ni èyí tó ṣe ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ní Bristol: ó dúró ní gbangba, ó wàásù fún àwọn tí kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà létòletò, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n gba ọkàn là níbòmíràn yàtọ̀ sí inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí kò fẹ́ lọ gan-an ni ọ̀nà gbà kọjá.

Nígbà náà, kí la wá fẹ́ máa ṣe láràárọ̀? Ẹ ṣí Léfítíkù orí 6. Òfin ni pé iná orí pẹpẹ ò gbọ́dọ̀ kú, àlùfáà á sì máa kó igi sí i ní òròòwúrọ̀. A mọ apá yẹn. Ṣùgbọ́n kí igi tó dé, iṣẹ́ kan wà. Àlùfáà á wọ aṣọ ọ̀gbọ̀ rẹ̀, á kó eérú kúrò, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, á pààrọ̀ aṣọ, á wá gbé eérú náà jáde kúrò ní ibùdó, lọ sí ibi tó mọ́. Mo ti ronú púpọ̀ lórí 'ibi tó mọ́' yìí. Wọn ò dà á sórí ààtàn, nítorí eérú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Igi tó jó dáadáa lánàá ni. Àmọ́ tí wọn ò bá kó o, á bo ẹ̀yinná mọ́lẹ̀, igi tuntun ò sì ní ràn.

Ọdún 19 yín yẹn, arábìnrin mi, igi tó jó dáadáa ni. Ẹ̀rí ìgbàlà yín, orin tẹ́ ẹ kọ táwọn èèyàn sunkún, ààwẹ̀ ọdún tó ti kọjá, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ẹ kàn kó wọn kúrò lórí pẹpẹ ni. Ẹni tó bá ń sọ ẹ̀rí kan náà láti ọdún kẹwàá sẹ́yìn, eérú ló ń yá.

Ní ti igi, ẹ má dáwọ́ lé ìtì. Orí Bíbélì kan tẹ́ ẹ kà tí ẹ ò rántí, ẹ fi ẹsẹ mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Ẹ kà wọ́n síta, kí etí yín gbọ́. Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ kọ ohun kan sílẹ̀ tí ẹsẹ yẹn ní kẹ́ ẹ ṣe lónìí, kó jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn lè rí. Kì í ṣe 'màá túbọ̀ ní ìfẹ́', bí kò ṣe 'màá dá owó yẹn padà', 'mi ò ní dá sí i tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn'. Lálẹ́, ẹ wò ó bóyá ẹ ṣe é. Ẹ sì dárúkọ èèyàn nínú àdúrà. Ìyẹn nìkan á gbà ju ìṣẹ́jú 3 lọ.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ọkàn àbọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, torí kì í pariwo. Ọba Amasáyà, nínú Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 25, ṣe ohun tó tọ́ lójú Olúwa, 'ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ọkàn pípé'. Ó ti fi 100 tálẹ́ńtì fàdákà háyà ọmọ ogun 100,000. Ènìyàn Ọlọ́run kan ní kó dá wọn padà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé: 100 tálẹ́ńtì tí mo ti san ńkọ́? Ẹ gbọ́ ọ? Ó ṣègbọ́ràn lẹ́yìn ìyẹn o, ó dá wọn padà, ó sì ṣẹ́gun. Àmọ́ nígbà tó ń bọ̀ látojú ogun, ó kó òrìṣà àwọn tó ṣẹ́gun wálé, ó ń forí balẹ̀ fún wọn. Òrìṣà tí kò gba àwọn tó ni wọ́n! Ọjọ́ ìṣẹ́gun ni ọkàn àbọ̀ rẹ̀ hàn, nígbà tí kò sí wàhálà kan. Ẹ fi Kálẹ́bù tì í, ẹni tí Bíbélì sọ pé ó tọ Olúwa lẹ́yìn pátápátá. Ẹni 40 ọdún ni nígbà tó lọ ṣamí ilẹ̀, ó pé 85 kó tó béèrè òkè Hébúrónì, níbi táwọn òmìrán wà. Láàrin ọdún 45 yẹn, Bíbélì ò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ń rìn nínú aginjù pẹ̀lú àwọn tí àìgbàgbọ́ wọn kó bá a, ó ń sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìsọjí níbẹ̀. Tí mo bá ń wá àpẹẹrẹ ẹni tó fi gbogbo ọkàn sin Ọlọ́run, ọdún 45 yẹn ni mo máa ń wò ju òkè náà lọ.

Ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ yí ìjọ padà. Rárá, ó kéré tán kì í ṣe báyìí. Evagrius, ọ̀kan nínú àwọn tó lọ gbé aginjù Íjíbítì ní ọ̀rúndún kẹrin láti máa gbàdúrà, kọ̀wé nípa àárẹ̀ ọkàn tó máa ń bá wọn lọ́sàn-án gangan: á mú kí ibi téèyàn wà sú u, á mú kó máa rò pé níbòmíràn ni òun ti lè wu Olúwa. Fèrèsé tó ṣí yẹn, ẹ̀yin lẹ máa gbé e dé ìjọ tuntun. Ní ti ààwẹ̀, ẹ lè gbà á lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà á ṣáájú, á di ọ̀nà míì láti fi sún un síwájú. Bí mo ṣe lò ó nìyẹn fún ọdún méjì.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ yọ̀ǹda ìgbìmọ̀ àlejò fún ẹlòmíràn, kódà ẹ lè sinmi orin kíkọ fún ìgbà díẹ̀. Àgàbàgebè ni ẹni tó ń díbọ́n. Ẹni tó ń rìn bọ̀ tí kò tíì dé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ohun kan tẹ́ ẹ fúnra yín ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn, bó ti wù kó kéré mọ. Tẹ́ ẹ ò bá ṣe ìkankan, ẹ ka ẹsẹ Bíbélì náà fún wọn, kẹ́ ẹ sọ pé, 'Olùkọ́ yín náà ṣì ń kọ́ èyí.' Ọmọdé máa ń mọ ìyàtọ̀.

Ẹ pe àbúrò yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ má fi ẹsẹ Bíbélì bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì ṣàlàyé ẹjọ́ àtijọ́. Ẹ sọ apá tiyín nìkan, gbólóhùn kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Tí kò bá gbé e, ẹ tún un pè lọ́jọ́ kejì. Tó bá gbé e tí ọ̀rọ̀ ò sì wá sí yín lẹ́nu, kò burú. Orúkọ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.